Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Yẹ Ara Rẹ̀ Wò Kí Ó Tó Jí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a tan iná sí tí kò dáhùn. Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ alátùn-únṣe ni èyí, pé kò kan òpìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà jí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ìmọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ MITS ní ìlú Albuquerque, ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ Altair 8800 jáde. Bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ti lọ bí ìrì òwúrọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti máa gbé àwọn swíìṣì iwájú rẹ̀ sókè sódò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi kọ́ ọ ní ìwọ̀nba ohun tí yóò fi lè ka ìyókù láti inú bébà onihò. Bí ó bá ṣi swíìṣì kan ṣoṣo gbé, ẹ̀rọ kò ní jí, kò sì ní sọ ohun tí ó ṣe é. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5150 han ayé. Philip Don Estridge ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida. Wọ́n kọ ìmọ̀ tí kì í bá iná lọ sínú ṣíìpù márùn-ún, ìwọ̀n 40 KB lápapọ̀. 32 KB jẹ́ ti èdè BASIC. 8 KB tí ó kù ni BIOS, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jí ẹ̀rọ.

Ohun tí BIOS yìí kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń yẹ ara ẹ̀rọ wò. Yóò wo ọpọlọ ẹ̀rọ, yóò wo ṣíìpù tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, yóò wo ìlà àkọ́kọ́ nínú iyè ẹ̀rọ, kí ó tó wá kan ojú rẹ̀, kíbọọ̀dù rẹ̀ àti díìsìkì rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, yóò dún píì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá pé, yóò kọ nọ́ńbà sójú: 201 ni ti iyè, 301 ni ti kíbọọ̀dù, 601 ni ti díìsìkì. Àwọn àmì tí ó bá ṣáájú 201 a sì máa tọ́ka sí ìlà àti ṣíìpù tí àbùkù wà. Ṣíìpù mẹ́sàn-án ni ó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan: mẹ́jọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ìkẹsàn-án ń ṣọ́ wọn bóyá ohun tí a fi sí wọn lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n dá padà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níhìn-ín o. Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àìsàn. Bí iyè ẹ̀rọ bá ṣe pọ̀ tó ni àyẹ̀wò náà ṣe ń pẹ́ tó, ẹni tí kò ní sùúrù yóò sì rò pé ẹ̀rọ ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé bí kò bá rí díìsìkì kankan kà, BASIC ni yóò ṣí sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù rárá.

Ìdákẹ́jẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ àìsàn ní tòótọ́. Bí ìlà àkọ́kọ́ nínú iyè bá bàjẹ́, ẹ̀rọ kò ní lè kọ ohunkóhun sójú, nítorí kò tí ì dé ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Òjé yíyọ́ ni wọ́n sì fi lẹ ìlà yìí mọ́ pátákó, kò ṣeé fọwọ́ yọ. Àwọn ìlà yòókù wà nínú ihò, ooru àti òtútù sì lè máa tì wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi yẹ̀. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó ba orúkọ Apple III ti ọdún 1980 jẹ́, ẹ̀rọ tí kò ní féènì: a gbọ́ pé wọ́n gba àwọn tí ó rà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó balẹ̀ gbì!

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn 5150 tí ó ti dàgbà ni ti àwọn kápásítọ̀ kéékèèké tí a fi tantalum ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́ tí ó sì so ọ̀nà iná 12 fóòtì pọ̀ mọ́ ilẹ̀, àpótí iná yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ kí ìjàǹbá má baà ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pààrọ̀ àpótí iná tí kò ṣẹ̀ tí kò rò. Ẹni tí ó mọ̀ yóò yọ okùn iná kúrò lára ògiri, yóò yọ gbogbo káàdì inú rẹ̀, yóò fi mítà wo ọ̀nà iná náà, lẹ́yìn náà ni yóò máa dá káàdì padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọ̀daràn yóò fi hàn. Kò sì gbọdọ̀ tú àpótí iná fúnra rẹ̀, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti IBM PC AT tí ó jáde ní ọdún 1984, bátìrì ni ó ń rán an létí irú díìsìkì tí ó ní. Bí bátìrì bá kú, nọ́ńbà 161 ni yóò kọ. Àwọn swíìṣì ni 5150 ń lò fún iṣẹ́ yìí, nítorí náà kò mọ irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí a kò tí ì bí ní ọdún 1981 ṣe lè mọ gbogbo èyí? Ìdáhùn náà ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìwé ni IBM kọ. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, wọ́n ya àwòrán ọ̀nà iná, wọ́n sì tẹ BIOS láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àlàyé. Èyí ná wọn ní nǹkan. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ lórí BIOS náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dà á kọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Compaq kọ BIOS tirẹ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ó sì kéde ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1982. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀lé e, ọjà sì bọ́ lọ́wọ́ IBM díẹ̀díẹ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n pàdánù? Ní ti owó, àríyànjiyàn lè wà. Ní ti ìmọ̀, èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, adáhunṣe mélòó ni ó fi orúkọ ewé pamọ́ títí ikú fi dé, tí oògùn sì bá a wọ ilẹ̀ lọ? Ẹ̀rọ tí ó sọ ibi tí ó ń dùn ún, tí àwọn tí ó ṣe é sì kọ ìwé nípa ìkùn rẹ̀, ṣì ń rí ẹni tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Olùkọ́ tí ó bá sọ ìdáhùn nìkan fún akẹ́kọ̀ọ́, Altair ni ó fi lé e lọ́wọ́. Èyí tí ó bá kọ́ ọ bí a ti ń wádìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti fún un ní ohun tí kì í bá iná lọ.