Ọjà Tú, Wọ́n Ti Mọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ìṣe, bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ọlọ́jà palẹ̀ ẹrù mọ́, tí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, kí là ń sọ? Ọjà tú. Ìsọ̀ là ń tì, ṣọ́ọ̀bù là ń tì. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti ọjà pa, ẹ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ọba wàjà, tàbí ìjọba ń bínú. Ní ọjọ́ tó dáa, títú ni ọjà ń tú, bí ìpàdé ṣe ń tú. Èrò ni ọjà lójú àwọn baba wa, kì í ṣe ilé. Ta ló sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ti èrò?

Nǹkan yìí ti pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọjà 7 ni wọ́n ń ná ní ìlú náà ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, àti pé nǹkan bí aago 3 tàbí 4 ọ̀sán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó kún fọ́fọ́ ní ìrọ̀lẹ́ lè jẹ́ ilẹ̀ gbalasa lárọ̀ọ́, kò sì yí orúkọ padà. Ọjà ṣáà ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà la fi ń sọ pé ìlú tú. Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ tú nínú ogun àwọn ọdún 1830, àwọn èèyàn rẹ̀ sì fọ́n ká. Ẹ ò rí i bí? Ohun tó jẹ́ àjálù fún ìlú, ojoojúmọ́ ni fún ọjà, kò sì sẹ́ni tó ń sunkún sí i, torí gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n á tún pé jọ.

Ọjà ọrọọrún ńkọ́? Ẹ rántí ìṣirò wa: ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ náà la fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Tí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn. Ọjọ́ 3 tó wà láàárín, àtíbàbà lásán ló wà ńbẹ̀. Ewúrẹ́ á sùn lábẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọdé á máa ṣeré òṣùpá, asínwín á wá ibi fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gba àárín ọjà lọ sóko kò nílò àyè lọ́wọ́ mẹgádì.

Àmọ́ ibi tí kò lọ́lẹ̀kùn kì í ṣe ibi tí kò lólówó. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé iwájú ilé olórí ìlú ni ọjà àgbà máa ń wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú olórí bẹ́ẹ̀ ní Ọlọ́jà. Ọba wà níbẹ̀, Èṣù náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà tó kún, tó fi ojú wo àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á rí àwọn oníbàárà tí ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. A ò gbọdọ̀ dán an wò, a kúkú dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò nínú ìtàn yẹn ni pé èèyàn nìkan kọ́ ló ń ná ọjà, torí náà tí èèyàn bá tú, kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ti ṣófo. Ojú yìí ni mo rò pé wọ́n fi ń wo ọjà lóru.

Ibi tí ọjà ọ̀sán bá sì tú sí, ọjà alẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀: ẹlẹ́kọ, alákàrà, ọlọ́bẹ̀, fìtílà kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohùn á rọlẹ̀, ẹni tó ń rajà á tẹ̀ kanlẹ̀ kó lè rí ohun tó ń rà.

Reluwé wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì tò sí Gbági. Nígbà tó yá, Kingsway ti UAC dé pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó máa ń dúró wo inú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá tì í. Ọjà wà nínú, èrò ò sí. Ìran tuntun gbáà ni fún wa: ọjà tó tú, síbẹ̀ tí ẹrù ò kúrò lórí àtẹ!

Mọ́ọ̀lù ti òde òní, àbúrò rẹ̀ ni. The Palms bẹ̀rẹ̀ ní Lẹ́kì, nílùú Èkó, ní 2005. Ní Dùgbẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, tí iná jó ní 1985. Ní ọ̀sán, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò láìra nǹkan kan. Owó ti wà lára ọjà, kò sí “ẹ gbà á ní tibí”. Ẹ wò ó, “ná” ti kúrò nínú ọjà, “tú” náà sì tẹ̀ lé e. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mọ́ọ̀lù tú. Wọ́n ti tì í ni, tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ “wọ́n ti kulóòsì” lẹ́nu àwọn ọmọ.

Mi ò bá mọ́ọ̀lù jà o. Ẹni tí iná ọjà ti jó ẹrù rẹ̀ rí mọ iyì ògiri àti àgádágodo. Ṣùgbọ́n ọjà tuntun tí ìjọba ń kọ́ báyìí, ti onígéètì náà ni wọ́n ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni alábàárù tí ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ kò sí nínú àwòrán wọn. Tí mọ́ọ̀lù bá tì, àyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ á ṣófo lábẹ́ iná funfun, mẹgádì kan á jókòó sẹ́nu géètì, a ò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ wo ìta ògiri náà, létí títì. Onísúyà ń fẹ́ iná, ẹni tó ń sun àgbàdo gbé àtùpà alábátìrì síwájú, obìnrin kan ń yọwó ọsàn lọ́wọ́ awakọ̀ kan tó ní ó ti wọ́n jù. Wọ́n ń ná an lọ́wọ́. Tó bá kù díẹ̀ kí aago 11 lù, wọ́n á tú.