Olókùn-ẹṣin Tí Kò Bá Ọba Lọ: Ohun Tí Ìtàn Sọ àti Ohun Tí Ìtàgé Fi Kún Un

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìn-ín-ní wàjà ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún 33 lórí ìtẹ́. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ó yẹ kí ó bá ọba lọ kò sí nítòsí. Jìnádù, Olókùn-ẹṣin Aláàfin, wà ní Ìkòyí níbi tí wọ́n rán an lọ jíṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a.

Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1945 ni ó wọ Ọ̀yọ́. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ijó ni ó sì ń jó gba ìgboro kọjá, tí ó ń lọ sí ilé Baṣọ̀run Ládòkun. Kò sí àgbà kan ní Ọ̀yọ́ tí yóò rí ijó yẹn tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, Captain J. A. Mackenzie, gbọ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Wọ́n mú Jìnádù, ikú sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ pé wọn kò jẹ́ kí Olókùn-ẹṣin lọ, àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́kùnrin, Mùráná, gba ipò bàbá rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀.

Èyí ni gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni eré ìbànújẹ́ tí ayé mọ̀ jù lọ láti ilẹ̀ Yorùbá ti jáde.

Kí ni Olókùn-ẹṣin? Orúkọ oyè náà fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ń ṣe: òun ni ó di okùn ẹṣin ọba mú. Ẹṣin kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Agbára ẹlẹ́ṣin ni Aláàfin fi jọba lórí ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, láti òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà, nítorí pé eṣinṣin igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ìhà gúúsù. Ẹni tí ó ń tọ́jú ẹṣin ọba kò kéré láwùjọ, àmọ́ òṣìṣẹ́ ni. Ilé ọba ni ó ti ń jẹ, ọlá ọba ni ó wọ̀ bí ẹ̀wù. Kì í ṣe ọmọ ọba, kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì tí ń yan ọba. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1921, Olókùn-ẹṣin wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ kú pẹ̀lú Aláàfin. Ẹni tí ó bá gba oyè náà mọ iye tí yóò san.

Nígbà kan rí, Àrẹ̀mọ pàápàá wà lára àwọn tí ń bá ọba lọ. Aláàfin Àtìbà ni ó yí èyí padà, tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ Adélù jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ-ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún Adélù. Ó ní ó lòdì sí àṣà. Ogun dé, láti 1860 títí di 1862, Ìjàyè sì parun. Nítorí pé ọmọ ọba kò bá bàbá rẹ̀ kú ni ilé fi wó, tí ẹrú sì pọ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í sábà hàn: àtúnṣe náà bọ́ okùn kúrò lọ́rùn ọmọ ọba, kò bọ́ ọ lọ́rùn ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin. Ọdún 85 lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́ ṣì ń retí Jìnádù.

Orúkọ Ìkòyí náà kì í ṣe orúkọ tí ń kọjá lásán létí ọmọ Ọ̀yọ́. Oníkòyí ni olórí àwọn Ẹ̀ṣọ́, jagunjagun Aláàfin. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú Ìkòyí-Ilé ká, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì forí lé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìlú náà tó tún rí ojú. Lónìí òun ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Lójú àwọn Ẹ̀ṣọ́, kí èèyàn ṣẹ́gun tàbí kí ó kú sógun ni ó bójú mu, kò sí ẹ̀kẹta. Jìnádù kì í ṣe jagunjagun, ṣùgbọ́n irú ojú tí ilẹ̀ yẹn fi ń wo ikú ni ó wà ní àyíká rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé ọba ti lọ. Ọjọ́ 16 ni ó wà láàárín ìwàjà ọba àti ijó Olókùn-ẹṣin. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá, ọjọ́ 16 tó o láti dé ibi tí a kò ti ní rí i mọ́. Jìnádù kò sá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó gbé e wọ ìlú.

Dúró Ládiípọ̀, ará Òṣogbo, ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ìtàgé, nínú Ọba Wàjà, ní ọdún 1964. Nínú eré tirẹ̀, òwò ni ọmọ náà ń ṣe ní Gold Coast kí ó tó padà wálé, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn ajẹ́lẹ̀ tí ó da ọwọ́ rú nínú ohun tí kò yé e. Wọlé Ṣóyínká kọ tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní Cambridge, ìwé náà jáde ní 1975, wọ́n sì ṣe é ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976. Ó sọ ọmọ náà di Olúńdé, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìlú Ọba. Ó tún kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú. Lójú tirẹ̀, ajẹ́lẹ̀ kàn jẹ́ ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá lójú ọ̀nà ni. Inú Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ni ọ̀ràn wà: ọkùnrin tí ó fẹ́ràn adùn ayé, tí ó sì bèèrè fún wúńdíá ẹni ẹlẹ́ni ní alẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó kú.

Ibí yìí ni ó yẹ kí òǹwòran ti fura díẹ̀. Ìyàwó alẹ́ ọjọ́ ikú kò sí nínú ìtàn 1945. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó fi hàn pé ẹsẹ̀ Jìnádù wọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ni ó dá a dúró. Eré ìbànújẹ́ nílò ẹni tí ó ní àléébù, nítorí pé ẹni tí wọ́n kàn mú láìṣẹ̀ kì í gbé eré ró. Ìyẹn yé ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tí ó wo eré náà ti gbà pé Olókùn-ẹṣin Ọ̀yọ́ ya ojo, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí oyè tóbi jù. Ẹ̀sùn ńlá ni, wọn kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú Mùráná, ní oṣù Kejì ọdún 1949, Arthur Miller gbé Death of a Salesman jáde ní New York. Oṣù yẹn kan náà ni ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn New York Times, tí ó fi jà fún un pé kì í ṣe ọba nìkan ni eré ìbànújẹ́ yẹ, pé mẹ̀kúnnù pẹ̀lú lè ṣubú kí ìṣubú rẹ̀ sì mi ayé. Willy Loman, ọkùnrin inú eré rẹ̀, ń gbé ọjà kiri fún iléeṣẹ́ kan. Ó darúgbó, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì pa ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ Biff lè rí owó adójútòfò gbà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là. Bí a bá gbé eré yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì dàbí ẹni pé wọ́n kọjú síra. Iṣẹ́ ni ó sọ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan di ẹni tí ó jẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí òun í ṣe mọ́. Ní New York, bàbá ni ó kú nítorí ọmọ. Ní Ọ̀yọ́, ọmọ ni ó kú nítorí bàbá. Ìyàtọ̀ mìíràn sì wà: ikú Loman kò kan ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọn díẹ̀ ni ó sì wá síbi ìsìnkú. Ti Olókùn-ẹṣin kan gbogbo ìlú, nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀nà ọba kò là bí kò bá sí ẹni tí yóò di okùn ẹṣin mú níwájú.

Ìdí nìyí tí Mùráná fi ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Kò jẹ oyè, kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Àwọn tí ó rí i gẹ́gẹ́ bí akọni wà, wọ́n ní ó gba orúkọ ilé wọn là. Àwọn mìíràn yóò ní ọmọ tí kò jẹ gbèsè ni ó san án. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ èyí tí ó wúwo jù ni pé àwọn tí ó kó ara wọn jọ láti gba ẹ̀mí kan là kò ronú kan ẹ̀mí kejì. Òfin wà lọ́wọ́ Mackenzie. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Òfin yẹn rí Jìnádù. Kò rí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá dá eré Ṣóyínká padà sí Yorùbá ní ọdún 1994, ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Bíyí Bándélé sì ṣe é ní fíìmù, Ọdúnladé Adékọ́lá ni ó ṣe Ẹlẹ́ṣin. Ó jáde ní 2022, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí Bándélé fúnra rẹ̀ ti kú. Bí ìtàn náà ṣe ń lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, ohun kan sọnù tí ó yẹ kí èèyàn kíyè sí. Orúkọ Mùsùlùmí ni Jìnádù àti Mùráná. Ọ̀yọ́ ọdún 1945 ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kóòtù, ó sì ní ọkùnrin tí ń jẹ́ Jìnádù tí ó wọ aṣọ funfun láti bá Aláàfin lọ. Nínú ìwé Ṣóyínká, bàbá di Ẹlẹ́ṣin, ọmọ di Olúńdé, orúkọ Mùsùlùmí sì kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, Àmúsà, ẹni tí wọ́n rán láti wá mú un.