Ìgbafẹ́ àti Iṣẹ́ Lójú Òkun: Ọjọ́ Kan Nínú Ọkọ̀ Èrò Elder Dempster Láàrin Liverpool àti Èkó, 1947–1974

Ìfáàrà

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́. Ó wà ní etí omi tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Ìbà àti Òkòkòmáìkò sì wà ní ìtòsí rẹ̀ lórí ilẹ̀. Kí ọ̀nà mọ́tò tó gbilẹ̀ ní agbègbè yìí, omi ni ọ̀nà, omi náà sì ni oko. Ẹja, àgbọn, ẹní àti gààrí ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ kó lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní èbúté ń lọ pẹja ni, tàbí ó ń lọ tajà, tàbí ó ń lọ kí ẹbí. Lódìkejì omi yìí, lẹ́yìn ilẹ̀ yanrìn tí ó tẹ́ lọ gbọọrọ, ni òkun ńlá wà. Ojú òkun náà ni ọkọ̀ èrò Elder Dempster máa ń gbà kọjá láti Takoradi bọ̀ wá sí Apapa. Àwọn èrò inú rẹ̀ a jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, wọn a máa kàwé, wọn a sì máa retí tíì aago mẹ́rin.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìlò omi méjèèjì yìí ni ó bí ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: kí ni ó mú kí ọjọ́ kan lójú òkun di ọjọ́ ìgbafẹ́, ta sì ni ó ń gbafẹ́ náà? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìgbafẹ́ inú ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bùn òkun. Ètò ni, a pín in gẹ́gẹ́ bí ipò àti àwọ̀ ṣe rí, iṣẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára òpó tí ó gbé e ró. Nítorí náà, ìtàn ìgbafẹ́ lójú òkun kò ṣeé kọ láìkọ ìtàn iṣẹ́ mọ́ ọn.

Bí ojú òkun ṣe di ọ̀nà èrò

Ní ọdún 1852 ni ilé-iṣẹ́ African Steam Ship Company, tí Macgregor Laird dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ elérò-gbígbóná kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1868, Alexander Elder àti John Dempster dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Liverpool. Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún náà, lábẹ́ Alfred Jones, orúkọ Elder Dempster ni ó borí gbogbo orúkọ yòókù lójú òkun yìí.

Ní àkókò náà, ìrìnàjò sí Èkó kò ní ìgbafẹ́ púpọ̀ nínú. Yanrìn abẹ́ omi tí ó dí ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ìta ni ọkọ̀ ń dúró sí. Inú àga onípákó tí àwọn òyìnbó ń pè ní mammy chair ni a ń kó èrò sí, tí a fi ń sọ wọ́n kalẹ̀ láti ara ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù síwá-sẹ́yìn. Ní ọdún 1908 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣe ògiri sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà náà láti lé yanrìn sẹ́yìn. Láti ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ inú ọ̀sà. Ní ọdún 1926 ni a sì ṣí èbúté Apapa. Ní Àkírà, ọkọ̀ ìgbì kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 1962 tí èbúté Tema fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fọ́ òkúta tí wọ́n sì gbẹ́ yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìrọ̀rùn bá èrò ọkọ̀, kí agbáwo kankan tó gbé tíì dé iwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ náà kan ọkọ̀ èrò tuntun mẹ́ta: Accra ní 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol tí ó kọ́kọ́ rìn ní oṣù kọkànlá ọdún 1951. Glasgow ni a ti kan Aureol. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 14,083 tọ́ọ̀nù, orí òkè kan ní Freetown ni a sì ti mú orúkọ rẹ̀. Láti Liverpool, ọkọ̀ a yà ní Las Palmas àti Freetown, a dé etíkun Gold Coast, kí ó tó wá gúnlẹ̀ sí Apapa. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni ìrìnàjò náà ń gbà.

Ètò ọjọ́ kan

Láàrin Las Palmas àti Freetown ni ọjọ́ tí ó kún fún ìgbafẹ́ jù lọ. Òtútù ti dẹ̀yìn, kò sí ilẹ̀ tí à ń wò, kò sì sí èbúté tí a ó yà. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ a bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀, wọn a wọ funfun. Ní òwúrọ̀, agbáwo a gbé tíì wá sí yàrá èrò kí ó tó dìde. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, àwọn kan a rìn yí dẹ́ẹ̀kì ká, àwọn kan a lọ lúwẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn a sì máa ju òrùka okùn fún eré. Ní ọ̀sán gangan ni a ń kéde ibi tí ọkọ̀ dé àti iye máìlì tí ó rìn láti àná. Ìwọ̀n máìlì òkun mẹ́rìndínlógún ni Aureol ń rìn ní wákàtí kan. Nítorí náà, iye náà kì í jìnnà sí 380, àwọn èrò a sì máa ta tẹ́tẹ́ lé e. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni oorun, lẹ́yìn oorun ni tíì. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a wọ aṣọ iyì lọ síbi oúnjẹ; lẹ́yìn náà ni ijó, tàbí sinimá, tàbí tọ́ńbólà, tàbí eré ìje ẹṣin onígi tí à ń fi dáìsì sún síwájú.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ètò yìí ni pé kò sí wákàtí kan tí a fi sílẹ̀ lófo. Èrò tí ó rò pé òun kò ṣe nǹkan kan ń tẹ̀lé agogo bí ọmọ ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni agogo kọ̀ọ̀kan tí ó ń pè é síbi eré tàbí oúnjẹ ń pe ẹlòmíràn sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n ń gbafẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, oníṣòwò àti ajíhìnrere ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn èrò ipò kìíní. Apá kan àdéhùn iṣẹ́ òyìnbó aláṣẹ ni owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó bá ń lọ fún ìsinmi tàbí tí ó bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọdún 1950 ṣe ń lọ, tí a ń fi ọmọ ilẹ̀ yìí rọ́pò òyìnbó ní ipò ńlá, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú àwọn tí ó wà ní dẹ́ẹ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì sùn sí ilé ìtura rí, inú ọkọ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí òyìnbó tí ó ń tẹ́ tábìlì fún un, tàbí tí ó jókòó tì í nídìí oúnjẹ kan náà. Buchi Emecheta wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool ní ọdún 1962 pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì lo irú ìrìnàjò náà nínú ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Second-Class Citizen, tí ó jáde ní 1974. Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ipò tí ènìyàn wà nínú ọkọ̀ kì í bá a sọ̀kalẹ̀ sí èbúté.

Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Nísàlẹ̀ dẹ́ẹ̀kì ni àwọn tí wọ́n mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó wà. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń gba àwọn Kru ní Freetown àti etíkun Liberia fún iṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì àti ẹrù. Nígbà tí ogun 1939 sí 1945 dé, àti lẹ́yìn rẹ̀, Elder Dempster túbọ̀ ń gba òṣìṣẹ́ ní Èkó. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni a fi ń pín iṣọ́ níbi ẹ̀rọ, tọ̀sán-tòru, nínú ooru tí kò jẹ́ kí ènìyàn mí. Àwọn yòókù ń fọ dẹ́ẹ̀kì kí èrò tó jí, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń dáná, wọ́n ń fọ abọ́. Owó tí a ń san fún ẹni tí a gbà ní Èkó tàbí Freetown kò tó èyí tí a ń san fún ẹni tí a gbà ní Liverpool, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn ọ̀gá tí ń pàṣẹ.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ wo àwọn atukọ̀ yìí bí ẹni tí ìyà nìkan mọ̀. Wọ́n fi ọgbọ́n sọ ọkọ̀ di ọ̀nà òwò tiwọn. Wọ́n ń ra àlòkù ẹrù ilé ní Liverpool, wọ́n ń kó o wálé láti tà. Ní òde òní, ọjà Alaba tí ó wà ní Ọ̀jọ́ jẹ́ ibi tí a mọ̀ káàkiri fún rẹdíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amú-omi-tutù, tuntun àti àlòkù. Inú kọntéínà ni ẹrù wọ̀nyí ń bá wọlé nísinsìnyí, kì í ṣe nínú àpótí atukọ̀; ṣùgbọ́n ìmọ̀ pé ohun tí wọ́n tì sẹ́yìn lókè òkun níye lórí ní Èkó kì í ṣe ìmọ̀ àná.

Awuyewuye ọdún 1959

Ní ọdún 1959, ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ dẹ́ẹ̀kì jáde síta. Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà inú ọkọ̀ Apapa fẹ̀sùn kàn pé a ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, pé a sì ń fi ìwọ̀sí lò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Union of Seamen, dá sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó di ìjà láàrin ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Òmìnira ku ọdún kan péré. Ní ọdún yẹn kan náà ni a dá Nigerian National Shipping Line sílẹ̀, tí ìjọba bá Elder Dempster àti Palm Line pín in ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ní ju ti owó oṣù lọ. Nínú ọkọ̀ kan náà, ọmọ Nàìjíríà kan lè jẹ́ èrò ipò kìíní tí à ń kí ní ọ̀gá, kí ẹlòmíràn máa gbé abọ́ níwájú rẹ̀, kí a sì máa pè é ní bọ́ì. Òmìnira tí ó ń bọ̀ ti dé dẹ́ẹ̀kì òkè. Ìbéèrè àwọn atukọ̀ ni ìgbà tí yóò sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ní àsíá orílẹ̀-èdè kò sì fi bẹ́ẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà, nítorí ìjà lórí owó àti ìtọ́jú kò tán nígbà tí ọ̀gá di ọmọ ilé. Ní ọdún 1995, a ti ilé-iṣẹ́ Nigerian National Shipping Line pa.

Òpin ọkọ̀ èrò

Ní oṣù kẹrin ọdún 1964, BOAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú VC10 ná London sí Èkó, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí irú ọkọ̀ náà kó èrò gbà. Ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́tàlá di ti wákàtí díẹ̀. Accra kúrò lójú omi ní 1967. Wọ́n ta Apapa ní 1968. Aureol nìkan ni ó kù. Ní 1972, ó fi Liverpool sílẹ̀ bọ́ sí Southampton. Ní 1974 ni ó rin ìrìnàjò rẹ̀ ìkẹyìn. Lẹ́yìn tí wọ́n tà á, ó di ilé gbígbé fún òṣìṣẹ́ ní èbúté Jeddah. Ọkọ̀ tí a kan fún ìgbafẹ́ èrò parí ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùsùn àwọn òṣìṣẹ́, kí a tó tú u palẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà ní 2001.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ọjọ́ ìgbafẹ́ lójú òkun ní olówó, ó ní olùṣètò, ó sì ní alágbàṣe. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gba èrò lọ, èrò kò pàdánù ju ìsinmi ọjọ́ mẹ́tàlá. Atukọ̀ pàdánù iṣẹ́, ipa òwò àti ẹgbẹ́ tí ó fi ń jà. Àwòrán èrò lórí àga dẹ́ẹ̀kì ni ó rọrùn láti rí nínú ìpolówó ilé-iṣẹ́ náà. Onítàn tí ó bá dúró sórí àwòrán yẹn nìkan yóò kọ ìtàn ẹni tí a gbé pọ̀n. Ó yẹ kí ó wo ọkọ̀ bí ará Ọ̀jọ́ ṣe ń wo ọkọ̀ àjẹ̀ tirẹ̀: ohun àkọ́kọ́ tí ó ń wò ni ẹni tí àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.