Ọ̀nà Omi Ni Kó Ṣáájú: Lórí Àtúnṣe Kòtò Yẹ̀pẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Tí ọ̀rọ̀ bá di ti àtúnṣe ilẹ̀ tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa tàbí yanrìn lágbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí a ó fi dí kòtò náà àti igi tí a ó gbìn sórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè méjèèjì yá jù. Ibi tí omi òjò yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, nítorí ilẹ̀ tí a dí láìla ọ̀nà fún omi, òjò ni yóò tún un hú.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Orí ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní Coastal Plain Sands ni Ìkòròdú àti apá tó pọ̀ nínú Ẹ̀pẹ́ wà: yanrìn àti amọ̀ tó tò léra wọn, tí yẹ̀pẹ̀ pupa bò lórí. Yẹ̀pẹ̀ pupa yìí àti koríko tó hù sórí rẹ̀ ló ń gba agbára òjò. Bí katakata bá ti hó o kúrò, yanrìn ìsàlẹ̀ kò ní ohun tó so ó pọ̀ mọ́. Àgbàrá á la ẹ̀gbẹ́ kòtò, á sì máa jẹ ilẹ̀ bọ̀ sẹ́yìn títí yóò fi dé ojú ọ̀nà tàbí ìdí ilé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi náà. Òjò milimítà kan lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 lítà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2011, òjò tó lé ní 200 milimítà rọ̀ ní Èkó. Bí irú rẹ̀ bá rọ̀ sórí hẹ́kítà 10, mílíọ̀nù 20 lítà nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ilẹ̀ fa ìdajì rẹ̀ mu, mílíọ̀nù 10 ló ṣẹ́ kù tí yóò wá ibi gbà, a kò sì tíì ka èyí tó ń ṣàn bọ̀ láti àdúgbò tó wà lókè.

Nítorí náà, láti òkè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó gbẹ́ yàrà yí orí kòtò ká, kí omi tó mọ́ má baà ṣàn wọ inú ilẹ̀ tó ti tú. Lẹ́yìn náà la ó gé ẹ̀gbẹ́ kòtò ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan dẹ̀ díẹ̀ sí ìhà òkè, kí omi lè rọra rìn lọ sí ojú ìṣàn tí a fi òkúta tẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni adágún tí ẹrẹ̀ yóò ti rọ̀ sílẹ̀ kí omi tó jáde lọ sínú odò tàbí ọ̀sà. Ní ti bí yàrà ṣe yẹ kó tóbi tó, lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1977 lórí ìwakùsà èédú, bí wọ́n bá yí ojú odò padà fún ìgbà díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè gba òjò ńlá tí a ń retí lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 10. Bí ó bá jẹ́ títí láé, ti ọdún 100. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì gidigidi. Yàrà tí òṣìṣẹ́ ń bójú tó lójoojúmọ́ lè kéré, ṣùgbọ́n èyí tí a ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí awakùsà bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá dúró.

Àwọn kan á ní yanrìn ń fa omi mu, kí ni a ń gbẹ́ yàrà sí? Òótọ́ ni pé ó ń fà á. Ṣùgbọ́n kíkó yanrìn kúrò lè mú wa kan amọ̀, típà tó ń lọ tó ń bọ̀ á sì ti ki ojú ilẹ̀ pọ̀. Nígbà tí oṣù Kẹfà bá fi dé, ilẹ̀ ti mu omi yó, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti gòkè. Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ní kí a fi kòtò sílẹ̀ kó di adágún. Ní Jos, àwọn àgbẹ̀ ń fi omi kòtò tin àtijọ́ bomi rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Mombasa, ọdún 1971 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ René Haller bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí wọ́n ti wa òkúta sìmẹ́ǹtì di igbó àti adágún ẹja. N kò jiyàn èyí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìpinnu ló sọ kòtò Mombasa di adágún, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kòtò tí omi kàn rọ́ sí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ibi tí ọmọdé ń kú sí ni. Ní ti àwọn tó fẹ́ fi pàǹtí dí i, yanrìn kan náà tí wọ́n ní ó ń fa omi ni yóò fa oró pàǹtí lọ sínú kànga àti borehole àdúgbò.

Ìnáwó ńkọ́? Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ti kòtò yìí, ta ni onílé? Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 di àtúnṣe ilẹ̀ ru ẹni tó gba ìwé àṣẹ, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso kùsà, gọ́tà tí omi kòtò ń ya sí sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti wa ilẹ̀ láìgba ìwé, kò sí ẹni tí òfin lè tọ́ka sí àfi ìdílé tó ta yẹ̀pẹ̀ náà àti ẹni tó rà á. Mo gbà pé kí àwòrán ọ̀nà omi wà lọ́wọ́ ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí típà àkọ́kọ́ tó gbéra, kí apá kan nínú owó yẹ̀pẹ̀ wà nípamọ́ fún yàrà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí i pé àtúnṣe parí títí ìgbà òjò kan gbáko yóò fi kọjá lórí rẹ̀.