Àgbàrá Òkè Odò Ouémé: Bí Ó Ṣe Di Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń wọn odò Ouémé ní Bétérou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìlú kan nínú ẹkùn Tchaourou, níbi tí ìlú Goro náà wà. Àwọn onímọ̀ omi ti ORSTOM, àjọ ìwádìí ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kò tíì sí yunifásítì ní Dahomey, bí a ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1970 ni wọ́n dá èyí tó wá di ti Abomey-Calavi sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ti ń pọ̀ sí i kí ọmọ ilẹ̀ tó ní ibi tí yóò ti kà á.

Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ kò ṣòro láti béèrè. Nǹkan bíi mílímítà 1,200 òjò ló ń rọ̀ lágbègbè yìí lọ́dún, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dé odò. Níbo ni ìyókù ń gbà lọ? Ní 1933, Robert Horton ní Amẹ́ríkà dáhùn pé bí òjò bá yára ju bí ilẹ̀ ṣe lè fà á mu lọ, ìyókù á di àgbàrá. Ìdáhùn yìí jọba pẹ́ nínú ìṣirò àwọn onímọ̀ omi.

Ilẹ̀kùn ńlá ṣí ní 2000, nígbà tí yunifásítì Cologne àti ti Bonn ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ IMPETUS lórí odò Ouémé àti odò Drâa ní Mòrókò. Ní Dogué, lórí odò kékeré Aguima, Simone Giertz fi ilẹ̀ igbó wé ilẹ̀ oko, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Bonn ní 2004. Ohun tó rí kan gbogbo àgbẹ̀ oníṣu: ihò tí ekòló àti àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn ń lu sínú ilẹ̀ ń dín kù nígbà tí igbó bá di oko, omi kì í wọlẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àgbàrá sì ń pọ̀. Lọ́dún 2005, Luc Sintondji, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, fi SWAT, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ṣe, ṣírò omi odò Térou. Ó padà wá di olùkọ́ ní Abomey-Calavi. Aymar Bossa tẹ̀ lé e ní 2012, ó sì ṣírò erùpẹ̀ àti ọ̀rá ilẹ̀ tí omi ń gbé lọ.

Àwọn ará Faransé náà kò dúró. Ní agbègbè Djougou, lẹ́bàá odò Donga, ètò ìwọ̀n AMMA-CATCH ti ń wọn òjò, omi odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2011, Luc Séguis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi tó máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ìtòsí ojú ilẹ̀ ló ń bọ́ odò náà jù, pé omi ìsàlẹ̀ tó wà nínú àpáta jíjẹrà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ìkìlọ̀ ńlá lèyí. Ètò kọ̀ǹpútà lè mú iye omi tó tọ̀nà jáde nígbà tí ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ jẹ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣini lọ́nà lọ́jọ́ tí igbó bá di oko.

Ìkún omi ọdún 2010 kan nǹkan bíi 680,000 ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan sígbà náà ni WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ tí Jámánì ń náwó lé lórí, gbé ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ àti ohun àmúṣọrọ̀ omi wá sí Abomey-Calavi, fún akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ omi ti yunifásítì náà, INE, ní ẹ̀ka tirẹ̀, C2EA, tí Báńkì Àgbáyé ti ràn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ ìṣirò dáadáa, tó sì fara mọ́ ẹrẹ̀, kò nílò láti dé Bonn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Owó ìwọ̀n omi ló yẹ kí a máa bẹ̀rù fún. Iṣẹ́ ìwádìí a máa parí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ nílò àkọsílẹ̀ ogójì tàbí àádọ́ta ọdún tí kò já kí ó tó lè ya ìyípadà ojú ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dá kan péré. Iṣẹ́ tó kù láti ṣe wà nítòsí pẹ̀lú: ìsédò tí ìlú Parakou ń mu omi rẹ̀ wà lórí odò Okpara. Iye erùpẹ̀ tí àgbàrá ń dà sínú irú ìsédò bẹ́ẹ̀ bí oko iṣu àti kajú ṣe ń fẹ̀ sí i tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé kan gbáko, ọmọ Goro sì lè gun alùpùpù lọ síbi tí yóò ti wọ̀n ọ́n.