The Icarus Girl

The Icarus Girl jẹ́ ìwé ìtàn-àròsọ tí Helen Oyeyemi kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Bloomsbury ni ó gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2005. Ìtàn náà dá lórí ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ìbejì ni a bí òun àti pé èkejì òun ti kú. Ìtàn adẹ́rùbani ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìdí ẹ̀rù náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: ìbejì tí ó kú, tí a kò sì ṣe ohun tí ó yẹ fún un.

Òǹkọ̀wé

A bí Helen Oyeyemi ní Nàìjíríà ní ọdún 1984. Ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dàgbà ní Lewisham. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó ṣì wà, tí ó ń múra ìdánwò àṣekágbá, nígbà tí ó kọ ìwé yìí. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní Corpus Christi College, Yunifásítì Cambridge. Ọjọ́ orí rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ náà, lọ́nà tí ó dára: ojú ọmọdé ni a fi ń wo ohun gbogbo, àwọn àgbà kì í sì í tètè gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ.

Ìtàn inú ìwé náà

Jessamy Harrison, tí a ń pè ní Jess, jẹ́ ọmọ tí ó máa ń dá wà, tí ó sì máa ń pariwo láìnídìí tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Òǹkọ̀wé ni Sarah, ìyá rẹ̀. Daniel ni orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Ìbàdàn láti kí bàbá ìyá rẹ̀. Bàbá àgbà náà pè é ní Wúràọlá, Jess kò sì mọ ẹni tí ó ń bá wí. Nínú ọgbà ilé náà ni bọ́ìsì-kọ́tà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Jess rí i níbẹ̀ pé ẹnì kan ti fi ìka kọ ìkíni sí òun lára eruku orí tábìlì. Ọmọbìnrin tí ó kọ ọ́ ní Titiola ni orúkọ òun. Ahọ́n Jess kò gbé orúkọ yìí, ó sì sọ ọ́ di TillyTilly.

Nígbà tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, TillyTilly yọ sí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré ni. Lẹ́yìn náà, ibi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí ó bá mú Jess bínú: olùkọ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀, títí dé Shivs, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ní tòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò rí TillyTilly àyàfi Jess. Nígbà tí wọ́n tún lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹsàn-án, ìjàmbá ọkọ̀ kan sọ Jess di aláìmọ ara lórí ibùsùn, ìwé náà sì parí sí ibi tí ó ti ń jà láti padà sínú ara rẹ̀.

Fern àti ère ìbejì

TillyTilly ni ó tú àṣírí náà, kì í ṣe òbí. Ó sọ fún Jess pé ó ní èkejì tí ń jẹ́ Fern, pé òkú ni wọ́n bí i lẹ́yìn tí wọ́n bí Jess tán, àti pé wọn kò fún un ní orúkọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣe pàtàkì. Táyéwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá; ẹni tí ó bá ń jẹ́ ọ̀kan ń kéde èkejì nígbàkígbà tí a bá pè é. Ká ní Táyéwò ni wọ́n ń pe Jess, àṣírí náà kì bá tí lè pamọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ní ìlànà Yorùbá, Kẹ́hìndé tí a bí kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, àbúrò ni Jess jẹ́ sí òkú tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.

Àwọn Yorùbá wà lára àwọn ènìyàn tí ń bí ìbejì jù lọ ní àgbáyé. A gbà pé ọkàn àwọn ìbejì so pọ̀, àti pé bí ọ̀kan bá lọ, ó lè fa èyí tí ó kù. Babaláwo a máa pàṣẹ kí a gbẹ́ ère. Ìyá a máa wẹ ère náà, a fi osùn pa á, a so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, a sì fún un ní oúnjẹ nígbà tí ọmọ tí ó wà láàyè bá ń jẹun. Bí ọmọ náà tilẹ̀ kú ní ìkókó, àgbàlagbà ni àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ ẹ bí. Nígbà tí ó yá, àwọn kan fi ọmọláńgidi onírọ́bà rọ́pò igi. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní nǹkan bí ọdún 1975, àwọn ayàwòrán a máa tẹ àwòrán ọmọ tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan náà kí ó lè dúró fún àwọn méjèèjì.

Sarah mọ àṣà yìí, ṣùgbọ́n kò gbẹ́ ère. Ìgbà tí Jess wà ní ilé ìwòsàn, tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí, ni bàbá àgbà gbé ère Fern sí igun yàrá.

Ta ni TillyTilly?

Ìwé náà kò sọ ọ́. Dókítà McKenzie, onímọ̀ nípa ọkàn tí wọ́n mú Jess lọ bá, ń wá ìdáhùn nínú ọkàn ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ké pé àbíkú ni Jess, pé ayé mẹ́ta ni ó ń gbé. Ó yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ra níhìn-ín: àbíkú ni ọmọ tí ń kú tí ó sì ń padà sọ́dọ̀ ìyá kan náà, Jess kò sì kú rí. Ìwé náà lú àbíkú àti ìbejì pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì fi orúkọ Icarus ti àwọn Gíríìkì, ọmọ tí ó fi ìyẹ́ onídà fò sún mọ́ oòrùn tí ó sì já bọ́ sínú òkun, ṣe àkọlé.

Àwọn ìwé tí ó jọ ọ́

Ní ọdún 2005 kan náà ni 26a ti Diana Evans jáde, tí ó sọ nípa àwọn ìbejì obìnrin tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oyeyemi fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ ìbejì nínú White Is for Witching (2009), ṣùgbọ́n ilé kan ní Dover ni ó gbé ẹ̀rù inú rẹ̀ sí. Ìwé yẹn gba ẹ̀bùn Somerset Maugham ní ọdún 2010.