Ìbọn Tí Òfin Yàn fún Ọdẹ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn tí ẹnikẹ́ni yóò rọ nítorí ọ̀kẹ́rẹ́. Ó gùn, ariwo rẹ̀ ń lé ẹran tó kù sá, bí ọdẹ bá sì ki ẹ̀tù jù, ẹran kékeré á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Síbẹ̀, òun ni ọdẹ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń gbé wọ ìgbẹ́ láti ìran dé ìran. Èrò mi ni pé kì í ṣe ìgbẹ́ ló yan ìbọn yìí fún wọn. Òwò ọ̀sà àti ogun ló kọ́kọ́ yàn án, òfin ló wá fi í mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn jagunjagun rẹ̀ lọ, àdéhùn tí òun àti Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1854 sì fi èbúté Pálmà sílẹ̀ fún un láti máa ṣòwò. Ìkòròdú ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ẹrù Èkó, títí kan ìbọn àti ẹ̀tù, ń gbà dé Ìbàdàn. Ìjà lórí ọ̀nà yìí wà lára ohun tó gbé àwọn Ẹ̀gbá wá dó ti ìlú náà, títí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká ní oṣù kẹta 1865. Ìbọn tí a kó wá fún ogun ni ọdẹ jogún. Lọ́dún 1890, àwọn ìjọba tó péjọ ní Brussels fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda ìbọn tó ń fi òkúta ṣáná, tí ihò rẹ̀ tẹ́jú, irú ṣakabùlà, àti ẹ̀tù lásán.

Àwọn kan á ní alágbẹ̀dẹ ló mú ṣakabùlà pẹ́ láyé: ó lè tún un ṣe, ó lè rọ òmíràn, Ògún kan náà ni òun àti ọdẹ sì ń bọ. Òótọ́ ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran kékeré kọ́ ló béèrè ìbọn: pàkúté àti ajá ti ń mú òkété àti ọ̀yà tipẹ́ kí ìbọn tó dé. Ọgbọ́n ọwọ́ ọdẹ ló sọ ìbọn ogun di ohun tó ṣeé lò: ẹ̀tù díẹ̀ àti ọta wẹ́wẹ́ fún àparò, ẹ̀tù púpọ̀ àti irin ńlá fún ìgalà.

Ìbọn mìíràn wà tó bá ẹran kékeré mu ju ṣakabùlà lọ: ìbọn atẹ́gùn kò lo ẹ̀tù, ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọta rẹ̀ tó jẹ́ mílímítà 4.5 tó fún àdàbà. Èyí tó jẹ́ 5.5 wúwo jù ú lọ, ó sì sàn fún ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété, bí ó bá ṣáà ti bà á lórí. Síbẹ̀, Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ṣọ́tìgọ́ọ̀nù, ó sì fi ṣakabùlà sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀. Àtakò tó lágbára jù sí ìbọn atẹ́gùn ni pé ọdẹ tó ń pa ẹran tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, kò mọ̀ bóyá òkété ni yóò yọ tàbí ìgalà. Ìbọn kan tó lè ṣe méjèèjì ló fẹ́. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó kàn fẹ́ gba ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òkété kò ní ìṣòro yẹn, ìbọn atẹ́gùn sì bá a mu gan-an. Òun náà ni òfin 1959 ní kó lọ gba irú ìwé àṣẹ tí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́tìgọ́ọ̀nù ń gbà.